Ọmọ Tí Wọn Kò Jẹ́ Kí N Sunkún Rẹ̀

Ará, Jésù jí! Ẹ jẹ́ kí àwọn tó wà lóko náà gbọ́ ọ: Jésù jí! Ògo ni fún Ọlọ́run tó dá ohùn mi padà fún mi!

Ẹ ṣeun. Ẹ jókòó, ẹ̀yin ará. N kò ní pẹ́, nítorí oòrùn ti ń ga, àwọn mìíràn nínú yín sì ti ọ̀nà jíjìn rìn wá. Olùkọ́ wa ló ní kí n dìde. Ó ní lọ́jọ́ Àjíǹde, kò yẹ kó jẹ́ olùkọ́ nìkan ni yóò máa sọ̀rọ̀, pé ẹni tí Olúwa ṣe nǹkan fún náà gbọ́dọ̀ lanu. N kò mọ ọ̀rọ̀ í sọ láàárín èrò. Ohun tí ojú mi rí nìkan ni mo fẹ́ sọ.

Èmi ni ìyàwó Ògúndélé, ará abà Láníyọnu, ní apá ọ̀nà Èrúnmu. Iṣu àti ẹ̀wà là ń gbìn, a sì máa ń rù wọ́n lọ tà ní Ìbàdàn. Ojú mi tí ẹ ń wò yìí, tó kún fún àpá, àìsàn tí a kì í dárúkọ ló ṣe é, èyí tí a ń pè ní ilẹ̀gbóná. Ó mú mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé nílé bàbá mi, Ọlọ́run sì dá mi sí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó bá ti mú lẹ́ẹ̀kan tí kò pa, kì í padà tọ̀ ọ́ wá.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, Àdùkẹ́ ni. Ó ti dàgbà tó ẹni tí a lè rán lọ sọ́jà. Ọmọ tó fẹ́ràn ẹ̀rín ni. Bí ó bá fẹ́ sọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ rín títí, tí a kò ní gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ mọ́, àwa náà yóò sì máa rẹ́rìn-ín láìmọ ìdí.

Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀, ọkọ mi tẹ̀lé olórí ogun rẹ̀ lọ. Àwọn ọkùnrin tó kù lábà wa kò pọ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Baba Láníyọnu, ni baálé wa, òun ni gbogbo wa sì ń wò lójú.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn kan báyìí, nígbà tí koríko ti gbẹ tí ilẹ̀ sì ń jóni lẹ́sẹ̀, àìsàn náà wọ abà wa. Orí ló kọ́kọ́ ń fọ́ Àdùkẹ́. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ara rẹ̀ ti gbóná bí ààrò. Mo mọ ohun tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́. Mo tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ fún un, nítorí ara rẹ̀ kò gba ẹní mọ́. Mo ń fi ẹ̀kọ tútù sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó wò mí lójú, ó ní, "Ìyá mi, ṣé ojú tèmi náà máa rí bíi tiyín?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pé àwa méjèèjì yóò wá jọra dáadáa. Ó rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ó kú.

Ẹ̀yin àgbà mọ ohun tí àṣà wí. Ẹni tí Olóde, òrìṣà tó ni àìsàn náà, bá mú lọ, kì í ṣe ẹbí rẹ̀ ló ń sin ín. Àwọn tó ń bọ Olóde ló ni òkú, àwọn ló sì ni ẹrù òkú. Wọ́n dé, wọ́n gbé ọmọ mi wọ inú igbó, wọ́n ní kí obìnrin kankan má tẹ̀lé wọn. Nígbà tí wọ́n padà, wọ́n kó aṣọ rẹ̀, wọ́n kó ìkòkò mi, wọ́n sì fa ewúrẹ́ mi lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí síta. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ Olóde, ọba tó pa ọmọ mi. Wọ́n ní ẹni tó bá sunkún, ó ń pe àìsàn náà padà wá ni.

Baba Láníyọnu dúró tì mí. Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Ó rọra sọ fún mi pé, "Dúpẹ́, aya wa. Àwọn ọmọ yòókù ṣì wà nínú ilé." Mo wo àwọn ọmọ náà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọmọ orogún àti ìyálé mi, mo sì kúnlẹ̀. Mo ní a dúpẹ́.

Ará, láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde lẹ́nu mi, ọ̀rọ̀ mìíràn kò fẹ́ jáde mọ́. N kò yadi. Bí wọ́n bá ní kí n bu omi wá, màá bù ú wá. Ṣùgbọ́n ohùn mi lọ. Ẹnikẹ́ni kò pè mí ní Ìyá Àdùkẹ́ mọ́, wọ́n ń pè mí ní ìyàwó Ògúndélé bí ẹni pé àná ni mo dé ilé ọkọ. Àwọn obìnrin abà wa fẹ́ràn mi, n kò ní parọ́ mọ́ wọn. Wọ́n ń rọ̀ mí pé kí n mú sùúrù, pé ọmọ náà yóò tún padà wáyé lọ́dọ̀ ẹlòmíràn nínú ẹbí. Mo ń rò ó nínú mi pé bó bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ọmọ ẹlòmíràn ni yóò jẹ́, ìyá mìíràn ni yóò sì máa pè. Àdùkẹ́ gan-an ni mo fẹ́. Nígbà tí mo bá lọ ṣẹ́gi, ẹsẹ̀ mi kì í balẹ̀ dáadáa, nítorí n kò mọ̀ bóyá orí ọmọ mi ni mo ń tẹ̀.

Báyìí ni mo wà nígbà tí Olùkọ́ wa Dáníẹ́lì kọ́kọ́ gba abà wa kọjá. Ó jókòó níbẹ̀ yẹn, ó lè jẹ́rìí mi. Ó ti Ìbàdàn rìn wá, eruku bò ó dé orúnkún. Ó tọrọ omi, mo sì bù ú fún un. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ìyá. Ìyá ta ni kí n máa pè yín?" Ìyálé mi tó ń gún iṣu nítòsí sọ fún un pẹ̀lẹ́ pé n kò lọ́mọ. Ó bèèrè bóyá n kò bí rárá ni. Ìyálé mi ní mo bí, ó kú, ikú tó sì pa á kì í ṣe èyí tí à ń sọ.

Olùkọ́ kò tíì mu omi náà. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Kí ni orúkọ rẹ̀?"

Ẹnu mi ṣí. Mo ní, "Àdùkẹ́."

Ó ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá Àdùkẹ́." Ìgbà náà ló tó gbé igbá sẹ́nu.

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run! Ìdí tí mo fi ń lọ gbọ́ ìwàásù rẹ̀ lábẹ́ igi ọdán kò ju ìyẹn lọ. N kò wá Ọlọ́run kankan. Mo fẹ́ kí ẹnì kan tún pè mí bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ń sọ ìtàn Jésù fún wa lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, títí ó fi dórí ikú rẹ̀. Ikú náà bà mí lẹ́rù. Mo dúró dìgbà tí àwọn ènìyàn lọ tán, mo sì bi í léèrè, èmi tí n kì í sọ̀rọ̀. Mo ní, "Olùkọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò bímọ, tí wọ́n kàn mọ́ igi lẹ́yìn odi ìlú, tí wọ́n sì tẹ́ sínú ibojì ẹlòmíràn, ṣé irú rẹ̀ kọ́ là ń pè ní òkú búburú?"

Ó ní, "Òun gan-an ni, Ìyá Àdùkẹ́. Òkú tí ilé kì í gbà ni. Òun sì ni Ọlọ́run lọ gbé dìde."

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn délé, n kò lè sùn. Nígbà tí a tún pàdé, mo bèèrè pé ta ló rí i. Àwọn ìmàle tó ń kọjá lọ sọ́jà náà a máa sọ pé òkú yóò jí lọ́jọ́ àlùkìyámọ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ iwájú ni wọ́n ń sọ. Ta ló ti lọ tó ti dé? Olùkọ́ kò bínú sí mi. Ó ní obìnrin ló kọ́kọ́ rí i, àwọn obìnrin tó lọ tọ́jú òkú ní òwúrọ̀. Ó bi mí pé, lábà wa, bí ẹnì kan bá fẹ́ hùmọ̀ irọ́ tí àwọn àgbà yóò gbà, ṣé obìnrin tó ń ṣọ̀fọ̀ ni yóò fi ṣe ẹlẹ́rìí? Mo ní rárá. Ó ní àwọn ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pàápàá kò gbà á gbọ́, ọ̀kan ní àfi bí òun bá fọwọ́ kan ojú ọgbẹ́ náà. Wọ́n fọwọ́ kàn án. Wọ́n bá a jẹun, ó jẹ ẹja lójú wọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn aláṣẹ nà wọ́n, tí wọ́n sì pa nínú wọn, síbẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn náà kò yí ọ̀rọ̀ wọn padà. Ó ní ènìyàn lè kú nítorí irọ́ tí ẹlòmíràn pa fún un. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fara mọ́ ikú nítorí irọ́ tí òun fúnra rẹ̀ pa?

Ó tún sọ ọ́ lọ́nà tí àgbẹ̀ fi lè mọ̀ ọ́n. Ó ní bí àkọ́so iṣu bá ti wọlé, kò sí àgbẹ̀ tó ń bi ara rẹ̀ bóyá nǹkan wà nínú ebè yòókù. Jésù ni àkọ́so. Àwọn tó kù ṣì wà nínú ebè.

Mo ní ebè ọmọ tèmi ńkọ́, tí n kò mọ ibi tó wà? Ó ní òun náà kò mọ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi nípa Màríà, tó dúró sunkún lẹ́nu ibojì nínú ọgbà, tó rí Jésù tí kò dá a mọ̀, àfi ìgbà tí Jésù pe orúkọ rẹ̀. Ó ní Ẹni tó mọ orúkọ ni yóò wá pe òkú, kì í ṣe ẹni tó mọ igbó. Mo bèèrè bóyá àpá yóò wà lójú Àdùkẹ́. Ó ní òun kò lè sọ. Ó ní ohun tí òun mọ̀ ni pé Jésù jí pẹ̀lú àpá ìṣó lọ́wọ́ rẹ̀, àpá náà ni wọ́n sì fi mọ̀ pé òun gan-an ni, ṣùgbọ́n kò dùn ún mọ́.

Mo padà sílé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi, ẹkún sì dé. Ẹkún tí mo ti dì mọ́ra láti ẹ̀ẹ̀rùn ni. Mo ń pe orúkọ rẹ̀, mo ń sunkún. Àwọn obìnrin sá jáde. Ìyálé mi fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu, ó ń bẹ̀ mí. Kò ṣeé dá dúró.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Baba Láníyọnu ti pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn àgbà abà sì jókòó. Ó bèèrè bóyá òótọ́ ni mo sunkún. Mo ní òótọ́ ni. Ó bèèrè bóyá oníwàásù yẹn ló ní kí n ṣe é. Mo ní rárá, ó kàn sọ fún wa nígbà kan pé Jésù pàápàá sunkún níbi ibojì ọ̀rẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó sì mọ̀ pé òun máa jí i. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ní kí ló wá ń sunkún sí. Mo ní n kò mọ̀, bóyá nítorí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni.

Lẹ́yìn náà mo kúnlẹ̀, mo ní, "Baba, mo ti dúpẹ́ bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. N kò bínú sí yín. Ṣùgbọ́n ọmọ mi kì í ṣe ẹrù tí a gbé sọnù. Ọlọ́run tó jí Jésù mọ ibi tó wà, yóò sì jí i. N kò lè ṣe bí ẹni pé n kò bí i."

Kò sí ẹni tó bú mi. Ẹ̀rù ń bà wọ́n ni. Wọ́n ní kí n lọ máa gbé ní ahéré tó wà lẹ́bàá odò, kí ohun tí mo fi ẹkún pè má baà bá mi wọlé. Mo lọ. Olùkọ́ ń wá síbẹ̀ wá kí mi, ìyálé mi náà a sì máa gbé ẹ̀wà sí ẹ̀yìn igi fún mi, yóò wá padà lọ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn dé, àìsàn náà tún wọ abà. Ará, Baba Láníyọnu fúnra rẹ̀ ló mú. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ di tèmi! Gbogbo abà ní ẹkún mi ló pè é. Wọ́n kó àwọn ọmọ sá lọ sí oko àwọn àna wọn. Àwọn ìyàwó Baba tí àìsàn náà kò tíì mú rí kò lè sún mọ́ ọn, n kò sì bá wọn wí. Ìyálé mi ló sá wá bá mi ní ahéré. Ó ní, "Baba nìkan ló wà nínú yàrá."

Mo jẹ́wọ́ fún yín pé mo jókòó fún ìgbà díẹ̀ kí n tó dìde. Ẹ̀rù àìsàn kò bà mí. Ohun tí wọn yóò ṣe sí mi bí ó bá kú ni mo ń rò. Ṣùgbọ́n mo rántí ọwọ́ tó gbé lé mi léjìká lọ́jọ́sí. Mo gé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo sì lọ.

Mo tọ́jú rẹ̀ bí mo ṣe tọ́jú ọmọ mi. Àwọn tó ń bọ Olóde gbọ́, wọ́n sì wá jókòó sábẹ́ igi níwájú ilé, wọ́n ń dúró. Ẹ̀yin mọ ohun tí wọ́n ń dúró dè. Baba ń gbọ́ ohùn wọn láti orí ewé tó dùbúlẹ̀ sí. Lọ́jọ́ tí ó le jù, tí ojú rẹ̀ wú tí kò lè là á, ó na ọwọ́ wá mi. Ó ní, "Aya wa, bí mo bá kú, ṣé o máa sunkún mi?"

Mo ní, "Màá sunkún yín, Baba. Níta gbangba ni màá ti sunkún yín."

Ó ní, "Ọlọ́run tí o sọ yẹn, ṣé ó máa ń wá ẹni tí wọ́n gbé sínú igbó?"

Mo ní ó wá Ọmọ tirẹ̀ dé ibẹ̀. N kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè sọ. Ó di ọwọ́ mi mú, ó sì sùn.

Ará, Ọlọ́run dá a sí! Ibà lọ, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, àwọn tó jókòó sábẹ́ igi sì dìde lọ. Ẹ má sọ pé èmi ló wò ó sàn o. Ewé kan náà ni mo tẹ́ fún àwọn méjèèjì, Àdùkẹ́ kú, Baba kò kú. N kò mọ ìdí. Mo ti bi Ọlọ́run, kò tíì sọ fún mi. Mo ṣì ń dúpẹ́.

Nígbà tí Baba lè rìn, ó mú ọ̀pá, ó ní kí n tẹ̀lé òun. A gba ọ̀nà odò, a yà wọ inú igbó. Ó dúró sí ìdí igi ìrókò kékeré kan. Ó ní gẹ́gẹ́ bí baálé, òun ni wọ́n mú dání lọ́jọ́ náà, wọ́n sì mú kí òun búra pé òun kò ní sọ. Ó ní, "Ibí ni. Mo ní kí wọ́n tẹ́ ẹní rẹ̀ sí i. Wọ́n fẹ́ kó ẹní náà lọ, mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀." Ó wá jókòó sílẹ̀, àgbàlagbà náà sì fi ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jinná sunkún.

Èmi kò sunkún lọ́jọ́ yẹn. Mo kó ewé gbígbẹ kúrò, mo rí i pé ilẹ̀ ti rì díẹ̀, mo sì fi ọwọ́ kó iyẹ̀pẹ̀ kún un bí a ti í kó o sí ebè. Mo sọ fún un pé kó sinmi, pé Ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀ yóò pè é.

Baba kò tíì di ẹlẹ́sìn wa, ẹ kò rí i láàárín wa. Ṣùgbọ́n òun ló fún Olùkọ́ ní ilẹ̀ tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ lórí rẹ̀ lábà wa, òun náà ló ní kí n padà wá sílé. Ohun tí mo ní kò pọ̀, ewúrẹ́ mi kò padà. Ohùn mi padà. Mo dúpẹ́, mo tún dúpẹ́.

Nígbà tí ogun parí, ọkọ mi dé, ó ń tiro. Ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún un lójú ọ̀nà. Láti ẹnu àgbàlá ló ti ń pe Àdùkẹ́ pé kó wá gba ẹrù lórí òun. Èmi ni mo jáde lọ pàdé rẹ̀, èmi ni mo sọ fún un, èmi ni mo sì mú un lọ sí ìdí ìrókò náà. Ó bi mí bí ó ṣe kú, mo sọ fún un. Ó bi mí bóyá ó bèèrè òun. Mo ní ó bèèrè. Ọkọ mi náà ló jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn lónìí. Ó ní òun kàn wá gbọ́ ohun tí mo máa sọ ni. Ẹ má wò ó, ojú yóò tì í.

Ẹ̀yin ìyá tó wà níbí, tí ọmọ yín lọ sógun tí kò dé, tí wọ́n kó ọmọ yín lẹ́rú tí ẹ kò mọ ìlú tó wà, tí ẹ sin ọmọ tí ẹ kò mọ ibojì rẹ̀, mo mọ̀ yín. Bí wọ́n bá ní kí ẹ gbé ẹkún yín mì, ẹ má gbé e mì. Ọ̀rọ̀ Àjíǹde kò ní ká má sunkún. Ohun tó wí ni pé ẹni tí à ń sunkún rẹ̀ kò tíì tán. Lẹ́yìn ìsìn, ẹ wá bá mi lábẹ́ igi níta. Ẹ sọ orúkọ ọmọ yín fún mi, kí n lè máa fi pè yín.